Pápá Afeefah àti Ẹgbẹ̀ta Fáànù

Ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ Alhaji Kàsímù Àrówólò ní Okaishie, ní Accra, pátákó kan wà lára ògiri, lápá òsì ẹni tó bá ń wọlé. Ojúhò iná mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, àti ibi méjì tí wọ́n ń fi gílóòbù sí. Àwọn kan máa ń sọ pé ojúhò mẹ́jọ ni. Wọ́n ka ti gílóòbù mọ́ ọn ni. Mẹ́fà ni. Ìsọ̀ òwú mi kọjú sí i, mo sì ti kà á.

Bí a ṣe ń ra nǹkan iná ní àdúgbò wa nìyí. Oníbàárà á mú ohun tó wù ú, á tì í bọ ojúhò, á tàn án, á sì fi í sílẹ̀ kó máa tàn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ iye á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn á ná an, wọn á bínú, ẹni tó ń rà á yóò fẹ́ máa lọ, wọn á pè é padà, wọn á bi ara wọn léèrè àlàáfíà ọmọ, ohun náà á sì wà lórí iná ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí wọ́n bá ti wá gbà, tí ohun náà kò tíì kú, ó dára nìyẹn. Ẹni tó ń rà á nìkan ló máa ń pa á. Ẹni tó ń tà kì í na ọwọ́ sí i. Bí ọlọ́jà kan bá yára pa gílóòbù kí oníbàárà tó sọ pé ó tó, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Okaishie ti gbọ́ pé ọjà rẹ̀ kì í pẹ́.

Ẹsẹ̀ pátákó yìí ni Afeefah ti dàgbà. Òun ni àkọ́bí Alhaji. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ashaiman ni wọ́n bí òun sí, láti kékeré ló sì ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, wá sí ọjà. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, á sá wọ inú èdè Twi. Ó máa ń fi báírò há inú híjáàbù rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá báírò náà káàkiri ìsọ̀ títí ẹnìkan á fi nàka sí orí rẹ̀.

Ní ọdún 2018, ó pinnu láti kọ́ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Kò sí olùkọ́. Kọ̀ǹpútà àlòkù bàbá rẹ̀ ló wà, èyí tí bọ́tìnì méjì ti yọ lára rẹ̀. Kí ó tó lè kọ ìlà kan ṣoṣo, ó ní láti fi oríṣiríṣi irinṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kan kò gbà, èkejì ń bèèrè ẹ̀kẹta. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọjọ́ mẹ́wàá ló gba òun. Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ló ṣàṣeyọrí. Mẹ́sàn-án ni.

Ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi jẹun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn kò tán nínú rẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí èèyàn kò fi lè dán èdè wò lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá òun. Bí ó ṣe dá ojú ewé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tó sọ ọ́ ní Pápá, nítorí pé ó fẹ́ kó dà bí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí wọ́n ń ṣubú, tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn wí.

“Pápá?” bàbá rẹ̀ ní. “Ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀?”

Bí o bá ṣí Pápá lórí fóònù rẹ, apá òkè ni wàá kọ àṣẹ sí, apá ìsàlẹ̀ ni wàá ti rí ohun tí àṣẹ náà ṣe. Bọ́tìnì méjì wà láàárín. Wọ́n kọ Tàn án sí ara èyí tó ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ Pa á sí ara èyí tó pupa. Kò sí irinṣẹ́ kankan tí wàá kọ́kọ́ wá. O dé, o kọ, o tàn án.

Ó tún fẹ́ kí Pápá máa fi Twi àti Yorùbá sọ fún èèyàn ibi tó ti ṣe àṣìṣe. Twi kò ni í lára. Ti Yorùbá ló kọ sínú ìwé, ó gbé e sọdá wá bá mi.

“Màmá Olówùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. ‘Ìlà kẹta: iye, mi ò mọ̀ ọ́n.’ Ṣé ó dára?”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?”

“Kọ̀ǹpútà ni.”

“Ṣé inú ń bí i ni?”

“Rárá o, Màmá.”

“Ó dún bí ẹni tínú ń bí. Kọ ọ́ pé, ‘Ní ìlà kẹta, o pe iye, ṣùgbọ́n o kò tíì sọ fún mi ohun tó jẹ́.’ ”

“Ei, ó gùn paa.”

“Ẹni tó ṣe àṣìṣe kò kánjú lọ síbì kankan.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá báírò rẹ̀. Ọgọ́ta gbólóhùn bẹ́ẹ̀ la jọ tún ṣe.

Yàrá tó wà lókè ìsọ̀ ló fẹ́ fi ṣe kíláàsì. Àwọn obìnrin tó ń tajà ní Okaishie àti Makola ni yóò wá, ní ọjọ́ Àìkú tí ọjà máa ń dákẹ́, kálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Yàrá náà ti ṣófo fún ọdún kan. Ó gbá a, ó kun ún, ó ti ra ẹní méjì, kí Alhaji tó pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn ìrun, níwájú gbogbo wa.

“Kọ̀ǹténà kan ń bọ̀ ní èbúté Tema,” ni Alhaji wí. “Ẹgbẹ̀ta fáànù. Ààwẹ̀ ń bọ̀, ooru ń mú, wọn á tà. A máa kó wọn sókè.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kíláàsì mi ló wà lókè.”

“Níbo ni kí n wá kó fáànù sí? Orí mi?”

“Bàbá, Pápá máa dára. Ẹ ò tíì rí i ni.”

“Èèyàn mélòó ló lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà?”

Afeefah rò ó díẹ̀. “Ogún.”

“Ṣé o ti rí ogún níbẹ̀ rí?”

“Mi ò tíì rí i.”

“Ìsọ̀ tó bá jẹ́ pé oníbàárà kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìsọ̀ kọ́ nìyẹn, ilé ìwẹ̀ ni.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ló kù kí fáànù dé. Bí ogún èèyàn bá jọ lò ó lọ́jọ́ kan, láti aago mẹ́ta sí aago márùn-ún, tí kò kú, tìẹ ni yàrá. Bí ó bá kú, fáànù ló máa sùn níbẹ̀, ìwọ náà á sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi tà wọ́n. Ṣé o gbà?”

“Mo gbà, Bàbá.”

Mo ń wo ojú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ó lè ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú kìíní bọ́ sí ọjọ́ Òmìnira Ghana. Ogún obìnrin gun àtẹ̀gùn lọ sókè, àwọn kan ṣì so àsíá kékeré mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Fáòsíà, ìyá Suhaib, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ń ta áyọ́ọ̀nù àti bùlẹ́ńdà ní ìsọ̀ kẹta sí ti Alhaji. Bí nǹkan iná kan kò bá dá èèyàn lójú ní àdúgbò wa, Fáòsíà ni wọ́n máa ń pè. Á tàn án, á ká apá mọ́ àyà, á sì dúró. Mo ti rí i tó dúró ti kẹ́tùlù kan títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ.

Afeefah kọ́ wọn ní àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ó fi ọjà ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn: níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá wà níwájú ìsọ̀, má kúrò ní ìjókòó. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka nọ́ńbà láti oókan lọ. Ó yé wọn kíákíá ju bó ṣe rò lọ.

“Tíṣà, tèmi ti dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!”

“Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀, wò ó, mi ò tiẹ̀ lè ka iye tó jẹ́ mọ́.”

“Àjọkẹ́, má fọwọ́ kàn án! Jẹ́ kó máa tàn.”

Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, gbogbo fóònù dúró. Òbìrí kékeré kan ń yí lójú gbogbo wọn, kò ka nọ́ńbà, kò sọ̀rọ̀.

“Dumsor ti mú Pápá,” ni Fáòsíà wí. Orúkọ tí a ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Accra nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n kí Afeefah, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ kenkey.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dàrú, mo ní láti sọ bí Pápá ṣe rí nígbà yẹn. Àṣẹ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń kọ kì í ṣe orí fóònù wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń lọ sórí kọ̀ǹpútà kan tí Afeefah háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, èsì á wá padà sójú fóònù. Kọ̀ǹpútà kan, ogún èèyàn.

Ó rò pé kọ̀ǹpútà náà ló kéré. Ó háyà èyí tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, wọ́n tún wá, wọ́n tún kọ ọ́, wọ́n tún tàn án. Ó dúró ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Gbogbo títóbi yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi kún un.

Nísàlẹ̀, Alhaji gbọ́ tí ariwo dákẹ́. Ó mú okùn ìwọ̀n, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó wọn fèrèsé dé ògiri, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Afeefah fi ọ̀rọ̀ náà lọ Lọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní báńkì kan. Ó ní kó bá òun wo inú kọ̀ǹpútà tí òun háyà. Ní ọ̀sán, Lọ́pẹ́ pè é, Afeefah sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí ọwọ́ òun lè ráyè di páálí gílóòbù. Gbogbo wa la gbọ́.

“Afeefah, ta ló ń kà láti àná?”

“Ka kí ni?”

“Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje lánàá. Ó ṣì ń kà á báyìí.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Mi ò tíì sọ tán. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Pápá ẹ kò kú o. Ó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò kàn ráyè dá ẹnikẹ́ni lóhùn ni. Kí ló dé tí o kò fi ohun tó máa pa á sí i, bí àkókò bá ti pọ̀ jù? Gbogbo ẹni tó bá ṣe irú nǹkan báyìí ló máa ń fi síbẹ̀.”

Afeefah dúró pẹ̀lú gílóòbù lọ́wọ́. “Kí n pa á? Nígbà tí ẹni tó tàn án kò tíì pa á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kò wá sí mi lọ́kàn.”

“Báwo ni kò ṣe ní wá sí ẹ lọ́kàn?”

Mo mọ ìdí tí kò fi wá sí i lọ́kàn. Lọ́pẹ́ kò mọ̀ ọ́n, nítorí báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́.

Afeefah dúró títí Fáòsíà fi wá ṣẹ́ owó, ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Ìyá Suhaib, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé Pápá ń kà, kí ló dé tí ẹ kò pa á?”

“Pa á kẹ̀? Mo ṣì ń wò ó ni.”

“Títí ìgbà wo?”

“Títí mo fi rí i pé kò ní kú. O ní ká dán an wò, àbí o ò wí bẹ́ẹ̀? Mo dán an wò.” Ó ká apá mọ́ àyà. “Ó sì kú. Mi ò fẹ́ bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́ ni mi ò ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọjà ẹ kò tíì pẹ́.”

Afeefah ṣe ohun tí Lọ́pẹ́ sọ. Ní ọjọ́rú, ó pe obìnrin márùn-ún sókè nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kí wọ́n tàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, Pápá pa ti kálukú fúnra rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àkókò ti tó.

Àwọn márààrún wo ara wọn.

“Ta ló pa tèmi?” ni Àjọkẹ́ bèèrè. Gílóòbù lòun ń tà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò sì gba gbẹ̀rẹ́.

“Pápá ló pa á,” Afeefah ní. “Kó má bàa dá àwọn yòókù dúró.”

“Mo ní kó pa á ni?”

“Rárá, ṣùgbọ́n…”

“Kí ló ń fi pamọ́? Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá! Gílóòbù tó ti jó tẹ́lẹ̀ pàápàá lè tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.”

“Àjọkẹ́, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́,” ni Fáòsíà wí. Ó wá yíjú sí Afeefah, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń kí aláìsàn. “Tíṣà, òótọ́ ló ń sọ o. Ọlọ́jà kì í pa á fún oníbàárà. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Àjọkẹ́ ti wọ bàtà rẹ̀. Ó ní òun kò ní wá mọ́.

Ó di ọjọ́bọ̀, fáànù ti kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi. Bí Afeefah bá jẹ́ kí wọ́n máa tàn án bí wọ́n ṣe fẹ́, Pápá á dúró. Bí ó bá ń pa á fún wọn, wọn kò ní wá mọ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó bàbá rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, kò kọ nǹkan kan sí i.

Oníbàárà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Gílóòbù kan ń tàn, rédíò kan ń sọ̀rọ̀, fáànù orí tábìlì kan ń yí. Ọkùnrin kan láti Ashaiman ti áyọ́ọ̀nù kan bọ ojúhò kẹrin. Ó dún táú, èéfín kékeré jáde. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn.

“Ìyẹn ti kú,” ni Alhaji wí láìgbé orí sókè. “Mú òmíràn.” Ó fa ohun bíńtín kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúhò kẹrin, ó fi tuntun sí i. Gílóòbù ṣì ń tàn. Rédíò kò dákẹ́. Ẹni tó ń ná fáànù kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Afeefah dìde.

“Bàbá, fíúùsì mélòó ló wà lára pátákó yìí?”

“Mẹ́fà.”

“Kí ló dé tí kì í ṣe ẹyọ kan?”

Alhaji wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ béèrè ìdí tí omi fi tutù. “Ẹyọ kan ló jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Bí ẹnìkan bá gbé nǹkan burúkú wá, gbogbo ìsọ̀ á ṣókùnkùn. Ṣé kí n wá sọ fún oníbàárà pé kó má dán ọjà wò ni? Mo fún ojúhò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kálukú kó máa bá ti ẹ̀ jà.”

Ó ti rí pátákó yẹn lójoojúmọ́ láti ìgbà tó ti ń rákò. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòroó ṣe. Ó kó iṣẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tó háyà, ó kó o wá sórí fóònù kálukú. Láti ìgbà yẹn lọ, bí o bá ní kí Pápá ka nọ́ńbà, fóònù tìrẹ ló ń kà á. Bí o bá fẹ́, kó kà á títí Sallah. Kò kan ẹlòmíràn. Ojú ewé náà á pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí nígbà àkọ́kọ́, nítorí gbogbo irinṣẹ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ń rù wá sórí fóònù. Ó yọ gbólóhùn tó ń sọ pé àkókò ti tó kúrò pátápátá. Bọ́tìnì pupa nìkan ló kù, ọwọ́ ẹni tó tàn án ló sì wà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló rí i pé bọ́tìnì pupa kò gbọ́ràn. Bí fóònù bá ti ń kà, ó gbájú mọ́ kíkà débi pé kò mọ̀ pé wọ́n ń tẹ òun. Odindi ọjọ́ kan ló fi wá bí kíkà ṣe lè wà lápá kan kí bọ́tìnì wà lápá kejì. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ Sátidé, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Màmá, ó ti ń gbọ́ràn.”

“Ṣé o ti fi ogún èèyàn dán an wò?”

“Màmá, níbo ni kí n ti rí ogún èèyàn lónìí?”

“Nígbà náà, o kò tíì mọ̀.”

“Mi ò tíì mọ̀,” ó gbà.

Ní ọ̀sán Sátidé náà, fáànù dé, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Àwọn kayayei, àwọn alárù ọjà, rù wọ́n lórí láti ẹ̀bá ọ̀nà wọlé, páálí lórí páálí, títí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ tán tí wọ́n sì kan àtẹ̀gùn. Olórí wọn fẹ́ máa gòkè. Alhaji na ọwọ́ dí i.

“Ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Ó di aago márùn-ún ọ̀la.”

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, àwọn obìnrin ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín fáànù kí wọ́n tó rí àtẹ̀gùn. Alhaji fúnra rẹ̀ gòkè. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka kà wọ́n.

“Mọ́kàndínlógún.”

Ó tún wọn kà. Èmi náà ti kà wọ́n, mi ò ka ara mi, nítorí fóònù tèmi kì í ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mọ́kàndínlógún ni. Àjọkẹ́ kò wá.

“Ogún la sọ,” ni Alhaji wí.

“Bàbá, ẹnìkan péré ló kù.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ogún la sọ.”

Afeefah ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Fáòsíà ló sọ̀rọ̀.

“Alhaji, fóònù wà lọ́wọ́ yín?”

“Ó wà.”

“Ó ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló dé?”

“Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni ogún.”

“Èmi? Pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?”

“Pápá kò béèrè irùngbọ̀n. Àbí ẹ̀rù ń bà yín?”

Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Alhaji wo àtẹ̀gùn, ó wo ọmọ rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, ó fa agbádá rẹ̀ mọ́ra kó má bàa gba ààyè. Fáòsíà ń pe àṣẹ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ Tàn án. Ó sún fóònù jìnnà sójú, ó ń kà á sókè.

“ ‘Ní ìlà kejì, o pe ọjà, ṣùgbọ́n o kò tíì sọ fún mi…’ O? Ta ló ń pe èmi Kàsímù ní ‘o’?”

“Bàbá, kọ̀ǹpútà ni.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún?”

Ariwo ẹ̀rín tó sọ nínú yàrá yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Makola. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn tèmi ni.

Wọ́n bá a tún ìlà kejì ṣe. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ogún fóònù ń kà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan bọ́tìnì pupa. Ìṣẹ́jú kọkànlá dé, ó kọjá. Ìṣẹ́jú kẹrìnlá kọjá. Afeefah kò jókòó. Ó ń lọ láti orí fóònù kan sí èkejì bí ẹni tó ń wo ìkòkò lórí iná. Ní aago mẹ́rin, fóònù obìnrin kan kú, bátìrì rẹ̀ ló tán. Gbogbo wọn wo fóònù tiwọn. Ó ń kà. Obìnrin náà fi okùn iná sí tirẹ̀, ó tún un tàn, ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Fáòsíà ká apá mọ́ àyà, ó gbé fóònù ka iwájú. Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn fóònù náà, ó yára gbé ọwọ́ kúrò.

“Ó gbóná o.”

Fáòsíà mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì pupa.

“Ó tó,” ó ní. “Tíṣà, ọjà yìí pẹ́.”

Bí àwọn yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa tiwọn nìyẹn, kálukú ní àsìkò tó wù ú, ó sì ń kọ òmíràn. Aago márùn-ún lù. Ti Alhaji nìkan ni kò tíì kú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé e sórí orúnkún, ó ń wò ó.

“Bàbá,” Afeefah ní, “aago márùn-ún ti lù.”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé kí ẹ pa á?”

“À ń ná ọjà lọ́wọ́, o ní kí n pa á? Jẹ́ kó máa tàn.” Ó tún jókòó dáadáa. “Fáànù ẹgbẹ̀ta wà nísàlẹ̀. Ìdajì yàrá yìí ni mo fẹ́.”

“Bàbá, àdéhùn wa!”

“Àdéhùn ṣì wà. Mo ní tìẹ ni yàrá. Mò ń bẹ ẹni tó ni yàrá ni.”

Afeefah tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àga. Ó wá jókòó síwájú bàbá rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀. “Kò sí ààyè, Bàbá. Ẹ wo bí oníbàárà mi ṣe pọ̀ tó.”

“Igba fáànù.”

“Bàbá, ẹ má bú mi. Mẹ́wàá.”

“Mẹ́wàá! Fún bàbá tó bí ẹ?”

“Nítorí ẹ̀yin ni mo fi sọ mẹ́wàá. Ẹlòmíràn kò ní rí ọ̀kan.”

Fáòsíà dá sí i, àwọn mìíràn náà dá sí i, ẹnìkan ní kí Alhaji dìde kó máa lọ kí wọ́n lè pè é padà. Ó dìde lóòótọ́, pẹ̀lú fóònù tó ń kà lọ́wọ́, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n pè é padà. Ọgbọ̀n fáànù ni wọ́n gbà níkẹyìn, lára ògiri ẹ̀yìn, títí Ààwẹ̀ yóò fi wọlé, kò gbọ́dọ̀ ga ju fèrèsé lọ. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Alhaji tún wo fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà náà gùn débi pé òpin rẹ̀ kò hàn mọ́. Ó ní kí a bá òun kà á, kò sí ẹni tó lè kà á. Ó fi ìka ńlá rẹ̀ wá bọ́tìnì pupa, ó rí i, ó sì pa á.

Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó tú òwú síta, Afeefah ti dúró níwájú ìsọ̀ mi pẹ̀lú ìwé ọgọ́ta gbólóhùn náà.

“Màmá, Bàbá ní kí gbogbo ‘o’ di ‘ẹ’.”

Mo ní kó yọ báírò tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà wá.